Kì í Ṣe Kẹ̀kẹ́ Ló Pa Bàbá Àgbà

"Àbẹ̀kẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sọnù. Ohun tó pa bàbá rẹ àgbà kò gbọdọ̀ pa ọmọ rẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní mọ́ṣáláṣí ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ wá sílé wa nígbà tí a ń gba àlejò ìbánikẹ́dùn, àwọn náà ni wọ́n fọ abọ́ nígbà tí n kò lè dìde nílẹ̀. N kò bá wọn jà. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́. Àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ láti ilé dé ilé, láti Scarborough títí dé Oshawa níbí ní Canada, títí ó fi fẹ́ di òtítọ́: Alhaji Oníkẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́run. Wọ́n ń fi kìlọ̀ fún àwọn bàbá mìíràn. Wọ́n ń fi kìlọ̀ fún Àṣàbí ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, tó sì ń bi mí lójoojúmọ́ ìgbà tí òun yóò tún gun kẹ̀kẹ́ dé etí adágún.

Ìyá tí ẹ̀rù máa ń bà ni mí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ èyí. Èmi ni mo máa ń dúró lójú fèrèsé títí bọ́ọ̀sì iléèwé yóò fi yí kọ́nà. Èmi ni mo ṣì ń yọ eegun inú ẹja fún ọmọ tó ti fẹ́ ga jù mí lọ. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló pa bàbá mi àgbà, ẹ má rò pé mo fojú kéré ewu. Mo ti wo ewu náà dáadáa, mo sì mọ ibi tó wà gan-an. Mo fẹ́ kọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ sílẹ̀ kí ìtàn tí kì í ṣe tiwọn tó bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Bùráímọ̀ Àkànní ni orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, òfì ni wọ́n sì ń hun kí wọ́n tó bá ojúlùmọ̀ kan lọ sí Ítálì nígbà tí wọ́n ti lé lógójì ọdún. Wọ́n ríṣẹ́ nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń gbin òdòdó, lórí òkè kan tó dojú kọ Òkun Mẹditaréníà, nítòsí ààlà ilẹ̀ Faransé. Bọ́ọ̀sì kì í tètè dé òkè náà, nítorí náà Bàbá ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú títì ni wọ́n ń gbà, tí mọ́tò ń fẹ́ wọn létí láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ibẹ̀ tú irin reluwé àtijọ́ tó wà létí omi, tí wọ́n sọ ojú ọ̀nà rẹ̀ di ti kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Bàbá sọ fún wa pé ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ gùn ún, ńṣe ni àwọn ń dúró bojú wẹ̀yìn, nítorí ọkàn àwọn kò gbà pé kò sí ohun tó ń lé àwọn bọ̀.

Mo wà níléèwé girama nígbà tí wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn. Bàbá àgbà àwọn ẹlòmíràn máa ń pa àlọ́. Tèmi máa ń ka ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọn yóò na ẹsẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀:

"Ibùdókọ̀ reluwé àtijọ́ ni o ó ti gbéra, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé kọfí. Bu omi síbẹ̀, ẹ̀rọ omi tó kàn jìnnà. Fi òkun sí ọwọ́ òsì. Lọ láàárọ̀, oòrùn yóò wà lẹ́yìn rẹ. Padà ní ìrọ̀lẹ́, yóò tún wà lẹ́yìn rẹ. Má sáré o. Ọ̀nà náà tẹ́jú bí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ yóò fẹ́ tàn ọ́. O ó rí àwọn igi ọ̀pẹ, o ó rí àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe. Lẹ́yìn náà ni ihò abẹ́ òkè, ibi tí reluwé ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìta ń jó bí ààrò, inú ihò tutù bí inú àmù. Lu agogo kí o tó wọlé, kí arúgbó tó ń bọ̀ níwájú má bàa ta gìrì. Bí o bá ti jáde, òkun yóò là sójú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Dákẹ́ níbẹ̀."

"Kí ló dé tí a ó fi dákẹ́, Bàbá?"

"Kí o lè gbọ́ ohùn ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ. Láyé mi, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ tèmi."

Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyá mi àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ọkọ wọn fi ń gun etí òkun lọ gun etí òkun bọ̀, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ, àwọn ni wọ́n fa ìyá mi lé ọkọ lọ́wọ́ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí Bàbá ti ń ka ihò òkè àti omi tútù fún wa, ìyá àgbà tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara wọn dá abẹ̀bẹ̀ dúró, wọ́n ní: "Ọ̀nà tó dára tó báyìí, Àkànní, kí ló dé tí kò fi gbé ọ wálé kíákíá?"

Bàbá dìde, wọ́n wọlé lọ sùn.

Wọn kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kì wọ́n. Nígbà tí Uncle Ràṣídì, ọmọ wọn ọkùnrin, mú wọn wá sí Canada lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, Oshawa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ní ilé Uncle. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó wá bá mi ní Scarborough. Wọ́n ní ilé Uncle dára, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tó jáde níbẹ̀ ló ń bá ènìyàn jà. Ní tèmi, wọ́n ń dá ọbẹ̀ mi padà bí iyọ̀ bá dín. Wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n á dojú rẹ̀ dé lórí ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n á máa kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ṣéènì, títí gbogbo aṣọ tí mo bá rán fi ń rùn bíi táyà. Bí mo bá ráhùn, wọ́n á ní, "Aṣọ rẹ kò ní ṣubú sí kòtò bí kò bá rí òróró. Kẹ̀kẹ́ yóò ṣubú."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú wọn dé etí adágún, nísàlẹ̀ àwọn bèbè gíga Scarborough, Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù. "Kò ní iyọ̀! Omi tí kò ní iyọ̀, kí ló ń ru gùdù fún?" Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, adágún tí wọ́n bú yẹn, kò sí ẹni tó mọ etí rẹ̀ tó wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà. Wọ́n mọ ilẹ̀ gígùn tí wọ́n fi àfọ́kù ilé kún sínú omi, níbi tí mọ́tò kì í wọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí ẹyẹ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Wọ́n mọ erékùṣù tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti ń já, tí yóò ju ènìyàn sáàárín mọ́tò kó tó tún bẹ̀rẹ̀ níwájú, wọ́n sì ń bú àwọn ibi já-já bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń bú ọmọ aláìgbọràn. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ wọ reluwé lọ sí Port Credit ní apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á sì gùn ún padà wá sí ìlà-oòrùn létí omi. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi gùn ún lọ, kí wọ́n wọ reluwé bọ̀. Wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń wá níbí. "Ọlọ́gbọ́n á wọ reluwé lọ bá afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wálé."

Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan fún ọ̀nà, òun náà ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn. Ọkùnrin kan wá tọrọ ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ̀rọ̀ títí a kò rí àyè gbé omi fún un. Nígbà tó lọ tán tí wọ́n bi Bàbá ní èrò wọn, wọ́n ní: "Ọ̀nà tó bá ń pariwo ti sọ ìwà rẹ̀ fún ọ."

Nígbà kan, Bàbá gun kẹ̀kẹ́ láti ilé mi dé Oshawa. Etí adágún ni wọ́n gbà, wọ́n sinmi lọ́nà, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tí mo dì fún wọn. Nígbà tí Uncle Ràṣídì ṣílẹ̀kùn tí wọ́n bá bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú akoto lórí, ojú tì wọ́n. Èmi wà níbẹ̀, nítorí mo ti wa mọ́tò ṣáájú lọ láti dúró dè wọ́n.

"Bàbá, ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé n kò lè fi mọ́tò gbé bàbá mi?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ènìyàn!"

"Ràṣídì, ilé iṣẹ́ mọ́tò lo ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ lo ń kan mọ́tò. Ìgbà wo lo wọ ọ̀kan gbádùn ara rẹ gbẹ̀yìn?"

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, aládùúgbò ń wò."

"Jẹ́ kí ó wò. Mọ́tò ti gbé mi dé ibi púpọ̀. Kò tíì fi ọ̀nà kan hàn mí rí."

Àwọn ni wọ́n kọ́ Àṣàbí ní kẹ̀kẹ́. Ẹ lè fojú inú wo bí mo ṣe rí ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo ń sáré tẹ̀lé ọmọ náà lórí koríko, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Bàbá ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ń lé e bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé." Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ṣọ́ra tó wọn. Wọn kì í mú ọmọ náà gba ọ̀nà kankan tí àwọn fúnra wọn kò tíì dá gùn, ní irú ọjọ́ kan náà, ní irú wákàtí kan náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fẹ́ mú un lọ, ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ni wọ́n á ti lọ wò ó. Wọ́n kọ́ ọ láti wo ẹ̀yìn kó tó yà, láti na ọwọ́ kó tó yà, láti wo ojú awakọ̀, kì í ṣe ojú mọ́tò. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí síbẹ̀síbẹ̀, ìyẹn ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rù tí o ní yẹn, èmi náà ní in. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èmi máa ń gbé tèmi lọ wo ọ̀nà."

Mo wá dé ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí.

Títì tí mọ́ṣáláṣí wa wà lẹ́bàá rẹ̀ ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun ya sọ́tọ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò gbà wá. A ti ibi iṣẹ́ sáré wá, a ó sáré padà, nítorí náà a óò tan iná tó ń ṣẹ́jú, a óò fi mọ́tò sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, a óò sì sáré wọlé. A ti sọ ọ́ di àṣà. Ẹni tó bá rí àyè níbẹ̀ á ní Ọlọ́run ṣe é fún òun.

Bàbá kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n Alhaji ni wọ́n ń pe gbogbo àgbà níbẹ̀, ni wọ́n bá sọ tiwọn ní Alhaji Oníkẹ̀kẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n dá ọkùnrin kan dúró.

"Ọmọ mi, ibi tí o gbé mọ́tò sí yìí, ọ̀nà ni."

"Alhaji, kò ní pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kírun ná, mo ń padà sí ṣíìfù níbi iṣẹ́."

"Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ńkọ́?"

"Á yà á ni. Àbí ẹ ti di ọlọ́pàá, Alhaji Oníkẹ̀kẹ́? Ẹ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà!"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bàbá lọ bá lèmọ́mù, lèmọ́mù sì sọ ọ́ nínú wáàsí. Ọ̀nà náà ṣófo ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mọ́tò padà síbẹ̀.

Ohun tí Bàbá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí Bàbá fi kú. Wọ́n dé mọ́ṣáláṣí nígbà tí kò tíì sí ẹnì kankan, wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn mọ́tò ń dé, wọ́n ń fọn fèrè. Ẹnì kan ń fi fóònù ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Alhaji, ẹ̀wù yín ó bàjẹ́ o!" Bàbá kò wo ẹnikẹ́ni. Mọ́tò kan kò rí ibẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Àwọn awakọ̀ lọ páàkì sí ìpẹ̀kun àdúgbò, wọ́n fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ìrun kò sì bọ́ mọ́ ẹnì kankan lọ́wọ́.

Lèmọ́mù jáde wá bá wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀sìn wa kò gbà kí a kírun sójú ọ̀nà àwọn ènìyàn."

Bàbá dìde, wọ́n ká ẹní wọn. "Òdodo lẹ sọ, lèmọ́mù. Bí kò bá dára kí a kírun sójú ọ̀nà, ṣé ó wá dára kí a torí ìrun dí ọ̀nà?"

Wọ́n wọlé lọ kírun. Títí òtútù fi dé, ibẹ̀ ṣófo ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Nígbà tí yìnyín bo ọ̀dà funfun náà, mọ́tò padà. Nígbà tí yìnyín yọ́, mọ́tò kò kúrò.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Bàbá kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kì í sọ apá yìí. Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìrun ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ní apá ọ̀tún títì, níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Mọ́tò ńlá kan, irú èyí tó ń kó gbogbo ìdílé, wà lójú ọ̀nà náà níwájú wọn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bàbá wo ẹ̀yìn. Wọ́n na ọwọ́ òsì. Wọ́n yà jáde sí títì láti gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sáré. Awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì, àwọn tó dúró níbẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àyè kò tó ni.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè mí, ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń tọ́jú aláìlera. Nígbà tí mo dé, àwọn oníṣègùn ti gbé Bàbá lọ, ìrun ti parí, àwọn ènìyàn ń jáde. Mọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀. Iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ọkùnrin tó ni ín jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó rí ọlọ́pàá, ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní ilé ìwòsàn. Gbólóhùn tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn ní ọjọ́ náà, ti ọkùnrin yẹn ni.

Ó wá síbi ìsìnkú. Ó wà lára àwọn tó gbé òkú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ mú sùúrù. Kádàrá ni."

Mo mọ orúkọ rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí bí mo bá kọ ọ́, gbogbo àwọn yòókù yóò sinmi. Mo gbà pé ọjọ́ ikú kò yẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló páàkì mọ́tò yẹn.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo lọ dúró lẹ́bàá títì náà. Mọ́tò tò síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí dé òpin rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ni wọ́n ti jókòó ní pálọ̀ mi, tí wọ́n ń bá mi sunkún Bàbá.

Mo wá sọ ohun tí mo pinnu. Iléèwé ti fẹ́ parí. Àṣàbí yóò máa lọ kọ́ lúwẹ̀ẹ́ létí adágún ní ọ̀sán, Jímọ́ọ̀ wà lára rẹ̀. Mo ti rin ọ̀nà náà láti ilé wa: àdúgbò tó dákẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà títì mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn náà ọgbà ìtura, lẹ́yìn èyí kò tún ní pàdé mọ́tò kankan títí dé omi. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó ní àyè kẹ̀kẹ́. Mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé ó lè máa lọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́, ó dì mọ́ mi, ó sì sáré lọ fẹ́ táyà rẹ̀. N kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ará mi, n kò ní kí ẹ gun kẹ̀kẹ́. N kò ní kí ẹ tún wá kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ wá kírun Jímọ́ọ̀, ẹ gbé mọ́tò yín síbòmíràn, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lófo. Nígbà tí ẹ bá wà lórí ìrun, ọmọ mi yóò máa kọjá níta.